Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: "Aṣọ Funfun Ni Mo Kàn Jókòó Tí Mò Ń Wò"

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ mẹ́ta yìí ni mo mú, torí pé bí ibi tí wọ́n ti wá ṣe jìnnà síra tó, nǹkan kan náà ló ń dun àwọn tó kọ ọ́: òwò tara wọn ni wọ́n ń ṣe, àwọn nìkan ni wọ́n ń dá a ṣe, ó sì ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Mo gé lẹ́tà kúrú, mo yọ orúkọ.

Ìbéèrè kìíní

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí l'Abẹ́òkúta, kàm̀pálà ni mò ń ṣe jù, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ń ṣe é. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kí n tó jí láàárọ̀ dìsáìn á ti wà lórí mi, mi ò ní tíì fọ ẹnu tí màá ti máa gé fóòmù tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Báyìí ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò ṣe nǹkan tuntun, aṣọ funfun ni mo kàn jókòó tí mò ń wò, àwọn ti tẹ́lẹ̀ náà ni mò ń tún tẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ torí mi ò rówó san fún un déédéé mọ́ látìgbà tí kọ́sítíìkì àti háídírò, kẹ́míkà tí a fi ń rẹ aṣọ, ti gbówó lórí. Òru ni mo fi ń rẹ aṣọ torí gbogbo ọ̀sán ni mo fi ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn lórí WhatsApp, orí mi sì máa ń wúwo láàárọ̀. Tí mo bá gbé iṣẹ́ sórí Instagram, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi ṣe irú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ mi lórí nǹkan tí ò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan kọ́sítọ́mà bi mí pé "Sista, ẹ ò tiẹ̀ ní nǹkan tuntun ni?", mo wọ bàlùwẹ̀ lọ, mo sunkún. Ọkọ mi ní ó kàn rẹ̀ mí ni, pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí kan ló ń bá iṣẹ́ ọwọ́ mi jà. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni?
Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Èsì

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, Ọlọ́run á bá ẹ wo ẹ̀jìrẹ́ o. Má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ dé ibi tó o ti ní òru lo fi ń rẹ aṣọ, mo wá a títí pé ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ nígbà yẹn, mi ò rí ẹnì kankan. Kọ́sítọ́mà wà nínú lẹ́tà náà, àwọn tó ń wo iṣẹ́ ẹ ṣe wà níbẹ̀, pásítọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹnì kan báyìí tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tó lè wo aṣọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú aró kó ní "áà, eléyìí mà dáa o" tàbí kó ní "dúró ná, àwọ̀ yìí ò tíì mu". Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Orí ẹ ò gbẹ, ìwọ nìkan lo kàn ń dá gbogbo ẹ̀ rù.

Ọkọ ẹ ò parọ́, ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ rírẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sùn kó lọ. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ nípa ẹ̀ ní 2019, burnout ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní inú iṣẹ́ ló ti ń wá, pé wàhálà iṣẹ́ tó ti pẹ́ lára èèyàn tí kò rójú yanjú ló ń fà á, wọn ò kà á mọ́ àìsàn. Wọ́n ní àmì mẹ́ta ló ní: kí ara èèyàn tán, kí ọkàn ẹ̀ kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó tiẹ̀ máa kórìíra ẹ̀, kó wá máa wò ó pé ohun tóun ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Wo lẹ́tà ẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Torí náà má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ọ̀lẹ ni ẹ́, ìwọ náà má sọ ọ́ fún ara ẹ.

Jẹ́ kí n wá bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tó o ń ṣe yìí gan-an, torí ìlú ẹ ni wọ́n ti ń ṣe é jù, ó sì lè jẹ́ pé o ò rò ó báyìí rí. Láyé àwọn ìyá àgbà, ẹni tó ń ya ara aṣọ, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí i kí aró má bàa mu ibẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe òun náà ló ń rẹ ẹ́. Aládìrẹ á ṣe tiẹ̀, á gbé e lọ fún aláró, aláró á ti bọ̀ ọ́, á sá a, á tún bọ̀ ọ́, títí tí aró á fi mu. Ẹni tó ń tà á lọ́jà Ìtòkú tún lè jẹ́ ẹlòmíì. Ojú tó rí aṣọ kan kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa ró o pọ̀, gbogbo àwọn ojú yẹn ló sì lẹ́nu. Ìwọ wá ni aládìrẹ, ìwọ ni aláró, ìwọ lo ń ya fọ́tò, ìwọ lò ń pọ́n ọn lọ páàkì, ìwọ lo tún ń jà pẹ̀lú ẹni tó ní owó ò tíì wọlé. Ta ni orí ẹ̀ ò ní dúró?

Àwọn dìsáìn tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn náà, ibi tí èèyàn wà ni wọ́n ti wá. Ìbàdàn Dùn, wo àárín ẹ̀ dáadáa, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, àwọn obìnrin wá gbé ọ̀rọ̀ ìlú sórí aṣọ. Ní 1935 tí ọba ìlú òyìnbó, George Karùn-ún, pé ọdún 25 lórí ìtẹ́, wọ́n gbé ọba àti olorì ẹ̀ sórí àdìrẹ, Ọlọ́ba ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sí ẹni tó jókòó ti aṣọ funfun lóru tó ń wá Ọlọ́ba nínú àgbárí ẹ̀. Wọ́n lọ sọ́jà, wọ́n gbọ́ nǹkan, wọ́n rí nǹkan, wọ́n jọ fi rẹ́rìn-ín, ló bá di dìsáìn. Àbúrò mi, ìgbà wo lo lọ s'Ìtòkú kẹ́yìn tí kì í ṣe pé o fẹ́ ra àwọ̀ kó o tètè sá padà?

Tó o bá sì rò pé nǹkan ọjà tó gbówó lórí yìí, ojú ẹ nìkan ló rí i, ní àwọn ọdún 1930 àwọn aláró Ẹ̀gbá rí tiwọn. Alákè Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, òwò sì ti dojú rú tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn ò lọ sunkún ní kọ̀rọ̀, wọ́n kóra wọn jọ, wọ́n bá ọba fà á, ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lórí ẹ̀ ní 1936. Mi ò sọ pé kó o lọ bá ọba jà o. Ohun tí mò ń wí ni pé nígbà tí òwò le fún wọn, wọ́n mọ ilé ara wọn.

Kí ni kó o wá ṣe? Wá aládìrẹ méjì, ó pẹ́ jù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, má wá àwọn tó ti ń tà káàkiri ayé, wá àwọn tó ń bá a yí bíi tìẹ. Kẹ́ ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní àgbàlá ẹnì kan, ìkòkò àbẹ́là kan, iná kan, kálukú pẹ̀lú aṣọ tiẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ẹ lè máa da owó, kẹ́ ẹ ra kọ́sítíìkì ní odindi àpò kílò 25 kẹ́ ẹ pín in dípò kí kálukú máa ra tíntìntín ní owó ńlá. (Háídírò ní tiẹ̀, ẹ dé e pa dáadáa, ibi gbígbẹ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, tí omi bá kán sí i ó lè gbóná débi pé á gbiná.) Mo mọ̀ pé o máa sọ pé wọ́n á jí dìsáìn mi. Wọ́n ti ń jí i báyìí náà, ìwọ nìkan lo sì wà níbẹ̀ tó ò ń sunkún. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lójúkò kan náà, ó máa ń nira fún un láti ṣe ìyẹn sí ẹ ju ẹni tó kàn rí ẹ lórí fóònù lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ àwòkọ yìí, mi ò fẹ́ tàn ẹ́. Ìbàdàn Dùn tí mo sọ yẹn, ọwọ́ tó ṣe é ò lóǹkà, kálukú yà á bó ṣe yé e. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wá láti Ṣáínà náà ò ní ṣíwọ́ torí inú ń bí wa. Àmọ́ ẹni tó bá wá bá ẹ lẹ́yìnkùlé, tó rí i bí aṣọ ṣe ń jáde ní àwọ̀ ewé kó tó di búlúù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, kò ní dá ẹ dúró lórí owó mọ́. Ní kí wọ́n máa wá. Ọjọ́ kan lóṣù, ṣí ilẹ̀kùn, jẹ́ kí kọ́sítọ́mà mẹ́rin márùn-ún wá wò ó. Á ṣe ẹ́ láǹfààní ju bí wọ́n ṣe ń wí owó fún ẹ nínú fóònù lọ.

Nǹkan kejì, kó o mú aṣọ funfun yáàdì méjì sọ́tọ̀ tó ò ní tà. Tí ò bá dáa, ó di aṣọ ìnulẹ̀, tó bá dáa, ìwọ ni kó o rán an. Tó bá jẹ́ pé gbogbo aṣọ tó o bá fọwọ́ kàn ni owó iléèwé wà nínú ẹ̀, ọwọ́ ẹ á máa gbọ̀n, ohun tó dá ẹ lójú nìkan lo máa máa ṣe, bẹ́ẹ̀ dìsáìn tuntun kì í jáde láti ibi tó dáni lójú. L'Òṣogbo ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ onítíátà àtàwọn Ulli Beier, òyìnbó tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà, dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀, nígbà tó di 1964 Georgina Beier ayàwòrán ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀pù níbẹ̀, ta ló wá? Àwọn ọmọ tíátà, àwọn tí ò kàwé iṣẹ́ ọnà níbì kankan. Jímọ̀ Bùràímọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ tíátà Ládiípọ̀. Wọ́n fún wọn ní àwọ̀, wọ́n fún wọn láyè, wọ́n jọ wà nínú yàrá kan, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èló ni. Màmá Nike Davies-Okundaye náà, aládìrẹ tí òkìkí ẹ̀ kàn, tó jẹ́ pé láti inú Òṣogbo yẹn náà ló ti jáde, nígbà tó dá sẹ́ńtà tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, ọ̀fẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Tó o bá ráyè, wọ mọ́tò lọ s'Òṣogbo, lọ wò ó bí wọ́n ṣe ń jókòó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, jọ̀ọ́, yéé rẹ aṣọ lóru nínú ibi tí ò fẹ́ atẹ́gùn. Òórùn háídírò yẹn kì í ṣe nǹkan ṣeréṣeré, ó máa ń di èèyàn láyà, ó ń fa ẹ̀fọ́rí. Apá kan lára orí tó ò ń sọ pé ó wúwo láàárọ̀ lè jẹ́ tiẹ̀. Ìta ni, ojúmọmọ ni, wọ ìbọ̀wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ni mo fẹ́ kó o kà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìbànújẹ́ yẹn bá wà lára ẹ lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tí oorun ò wá, tí oúnjẹ ò wọnú, tí kò sí nǹkan tó ń dùn mọ́ ẹ mọ́, ìyẹn ti kọjá burnout, dókítà ni kó o lọ rí. Tó bá wá lọ jẹ́ pé èrò kó o kú ti ń wá sọ́kàn ẹ, má dúró di ọjọ́ kejì, pe ọkọ ẹ, kẹ́ ẹ jọ lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má fi ẹ́ sílẹ̀ nìkan. Ọsibítù Arò, tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ, wà nítòsí ẹ. Mo mọ ohun táwọn èèyàn ń rò tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀, ìrònú yẹn ò tọ́. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, ohun tó ṣe tí gbogbo àgbáyé fi ń wá wò ó ni pé kò ti àwọn tó ń tọ́jú mọ́lé, ó ní kí wọ́n lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí wọn tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n máa bá àwọn èèyàn ṣeré, ṣiṣẹ́, jẹun. Ó rí i pé èèyàn ni oògùn. Òun náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà pátápátá ní WHO lẹ́yìn náà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ náà ti wà báyìí ní Nàìjíríà, oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ buwọ́ lù ú, ó rọ́pò ti àtijọ́ tó wà láti àsìkò òyìnbó. Pásítọ̀ yín, jẹ́ kó máa gbàdúrà, àdúrà ò ní kí dókítà má ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ tó o jágbe mọ́ yẹn, bẹ̀ wọ́n. Ọmọdé máa ń gbọ́ tí ìyá wọn bá ní "ẹ má bínú, ó rẹ̀ mí ni, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ mí".

Ìbéèrè kejì

Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Òfì ni mò ń hun n'Ìṣẹ́yìn, iṣẹ́ bàbá mi ni. Tẹ́lẹ̀ a máa ń tò lọ rẹrẹ lábẹ́ àtíbàbà ni, a ó máa hun, a ó máa takurọ̀sọ. Àwọn kan ti kú, àwọn ọmọ kékeré ti lọ gun ọ̀kadà. Ọmọ mi yìí ló ń tà á lórí fóònù báyìí, ó ń tà á ju bí mo ṣe tà á rí lọ, mo dúpẹ́. Àmọ́ àwòrán ló kàn máa ń gbé wá, á ní àwọ̀ báyìí ni wọ́n fẹ́, bùǹdù báyìí. Mi ò mọ ẹni tí mò ń hun ún fún mọ́. Mo máa ń parí ẹ̀ kí n kàn wò ó lọ báyìí. Ṣé ọjọ́ ogbó ló dé ni?

Èsì

Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá, ẹ kú àfaradà. Ọjọ́ ogbó kọ́ rárá, sà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn yé mi, ẹni tó ń hun aṣọ ìyàwó láì mọ ìyàwó, nǹkan ti já níbì kan.

Nígbà kan tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan ńlá, ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń wá, á jókòó tì yín, á ní sányán lòun fẹ́ torí bàbá ọmọ, tàbí kó ní ẹtù, tàbí àlàárì, ẹ ó jọ fà á, ẹ ó mọ̀ pé ọmọ tó ń relé ọkọ yìí àkọ́bí ni, pé bàbá ẹ̀ ti kú. Gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú aṣọ yẹn. Fóònù ò ní kí ìyẹn má wáyé mọ́, wọn ò kàn tíì bèèrè ni. Ẹ ní kí ọmọ yín máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ pé kó fi ohùn ránṣẹ́, kó sọ ẹni tí aṣọ náà wà fún àti ìdí ẹ̀, kó wá gbé e sétí yín kẹ́ ẹ tó ta òwú. Lẹ́yìn ìnáwó kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ padà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi tẹ́ ẹ ti ń hunṣọ.

Ìwọ ọmọ tó ò ń kọ lẹ́tà yìí, mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. O ń ṣe dáadáa gan-an, torí ẹ ni iṣẹ́ ò fi tíì kú nílé yín. Àmọ́ bàbá ẹ kì í ṣe ẹ̀rọ tó ò ń gbé àwòrán fún. Bi í léèrè kó o tó fún kọ́sítọ́mà lésì. Tí kọ́sítọ́mà bá ní àwọ̀ mẹ́ta, bàbá lè mọ ìkẹrin tó máa gbé e yọ. Òwú tó ń dán yanranyanran tí gbogbo èèyàn ń lò yẹn náà, nígbà tó kọ́kọ́ gbòde ní àwọn ọdún 1970, àwọn àgbà ahunṣọ ló mọ bí wọ́n ṣe fi í sí i tí ò fi ba òfì jẹ́, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Kó o sì wá ọmọ kan tàbí méjì tí á máa jókòó tì í, kódà tó bá jẹ́ lẹ́yìn iléèwé ni wọ́n á máa wá, kó o máa fún wọn ní nǹkan díẹ̀ nínú èrè. Ohun tó ń ṣe Bàbá ni pé kò sẹ́ni tó ń bá a takurọ̀sọ mọ́.

Ìbéèrè kẹta

Ẹ̀gbọ́n, onídìrí ni mí n'Ìbàdàn. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ń pè mí láago méjìlá òru, tí mi ò bá gbé e wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á sá lọ. Ọ̀rẹ́kùnrin mi ní fóònù ni mo fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Èsì

Ọmọ mi, kọ́sítọ́mà tó máa sá torí pé o sùn, kò sí bó o ṣe lè dì í mú. Àwọn tó kù kò mọ̀ pé ò ń sùn ni, torí o máa ń gbé e. WhatsApp Business ni kó o lọ dáǹlóòdù, ọ̀fẹ́ ni, kó o yí nọ́ńbà ẹ sí i. Wàá rí ibi tó o ti lè kọ aago tó o ń ṣí àti aago tó o ń tì, wàá tún rí ibi tó o ti lè kọ ọ̀rọ̀ tí á máa dá wọn lóhùn fúnra ẹ̀ tó o bá ti tì. Fi Yorùbá kọ ọ́, kọ ọ́ bíi pé ò ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ kú alẹ́ o, mo ti wọlé sùn, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni màá dá yín lóhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ irú irun tẹ́ ẹ fẹ́ àti ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀." Àwọn ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó lọ́jọ́ kejì nìkan ni kó o fún ní nọ́ńbà kejì.

Tó bá di alẹ́, gbé fóònù iṣẹ́ sí pálọ̀, má gbé e wọ yàrá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, ìwọ àti ọ̀rẹ́kùnrin ẹ ẹ jáde, kó o fi í sílé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ̀wé sí mi padà, kó o sọ iye kọ́sítọ́mà tó sá.